Aṣọ Tí Télọ̀ Rán fún Ìyá Àgbà

Bí wọ́n bá ní kí Pẹ́lẹ́ńgẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ìyá àgbà rẹ̀ tó dolóògbé, ẹkún làwọn èèyàn máa ń retí. Ṣòkòtò ló máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Á ní ọkùnrin kan wà tó máa ń gbé ṣòkòtò wá sí ṣọ́ọ̀bù wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni gbé ẹyin, ìyá àgbà ló sì kọ́kọ́ rí i pé kì í ṣe ṣòkòtò ló ń gbé e wá. Ibẹ̀ làwa náà yóò ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹni tó bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí màmá yẹn jẹ́, àfi kó gbọ́ bó ṣe fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ́kọ.

Alágbàfọ̀ ni ìyá àgbà. Awakọ̀ akẹ́rù ni ọkọ rẹ̀, ó sì kú nígbà tí ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí ṣì ń rákò. Wọ́n ní kó fẹ́ ẹlòmíràn, ó ní òun ò ráyè. Ó ki ọwọ́ bọ omi ọṣẹ, kò sì yọ ọ́ mọ́ títí ọmọ yẹn fi di géńdé, tó di alápatà, tó fẹ́yàwó, tó sì bí ọmọbìnrin kan. Ìyá ọmọbìnrin náà ò pẹ́ láyé. Bàbá rẹ̀ gbé e tọ ìyá tirẹ̀ wá, ó ní, "Màámi, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń di irun ọmọ." Ìyá àgbà gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì dá a padà mọ́. Òun ló sọ ọ́ ní Pẹ́lẹ́ńgẹ́, nítorí ọmọ náà tín-ín-rín bí okùn ìsáṣọ. Òun tìkára rẹ̀ sanra, ó sanra dáadáa. Tí àwọn méjèèjì bá ń lọ lójú títì, ọ̀kan tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀kan róbótó, àwọn aláwàdà àdúgbò a ní, "Ẹ wo mẹ́wàá tó ń rìn lọ, oókan àti òdo."

Iyàrá iwájú ilé ni ṣọ́ọ̀bù wọn. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń lọ aṣọ nídìí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ìyá àgbà ń fọ̀ ọ́ lẹ́yìnkùlé, ó sì ń sá a sórí okùn tí wọ́n ta síwájú ilé. "Aṣọ kì í purọ́ fún ẹni tó ń fọ̀ ọ́," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí. Á gbé ṣẹ́ẹ̀tì ẹnìkan sókè, á ní, "Ẹ wo abíyá eléyìí. Ó ń bẹ̀rù ọ̀gá rẹ̀." Á gbé ti ẹlòmíràn, á ní, "Eléyìí ti ń jẹun níta. Ìyàwó rẹ̀ ò tíì mọ̀." Ó sì sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀.

Òdìkejì títì ni Télọ̀ gba ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sí. Ọ̀dọ́kùnrin jẹ́jẹ́ ni, kò lẹ́nu ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ọ̀dọ̀ wọn ló ń gbé aṣọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rán wá kí wọ́n bá a lọ̀ ọ́. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ó kó gbogbo rẹ̀ wá lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Lọ́jọ́ kan, ìyá àgbà dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Télọ̀, ṣé ṣòkòtò kan ṣoṣo lo rán látàárọ̀ ni?"

"Rárá o, Màmá. Mẹ́rin ni mo rán."

"Mẹ́ta tó kù ńkọ́?"

"Mo ṣì ń bọ̀ wá gbé wọn wá, Màmá."

"Lọ́kọ̀ọ̀kan?"

Télọ̀ wolẹ̀. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ tẹ áyọ́ọ̀nù mọ́ aṣọ, ó ń díbọ́n bí ẹni tí kò gbọ́.

"Ó dáa," ni ìyá àgbà wí. "Bàtà rẹ ló máa jẹ, kì í ṣe tèmi. Ṣùgbọ́n kí o mọ̀ pé ọmọ tó wà nídìí tábìlì yẹn kì í ṣe jígí. Èèyàn kì í kàn wò ó kó máa lọ. Wọ́n máa ń bá a sọ̀rọ̀."

Ni Télọ̀ bá sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò sì jọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ rárá. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló bi í, nígbà tí ìyá àgbà ti padà sẹ́yìnkùlé, pé, "Kí lo máa ń wò lára mi bẹ́ẹ̀?"

"Èjìká rẹ."

"Kí ló ṣe èjìká mi?"

"Ti ọ̀tún rẹlẹ̀ ju ti òsì lọ díẹ̀. Áyọ́ọ̀nù ló fà á sílẹ̀. Ẹni tó bá máa rán aṣọ fún ọ gbọ́dọ̀ mọ̀."

"Ta ní kí ẹnikẹ́ni rán aṣọ fún mi?"

"Kò sẹ́ni tó ní kó rán an," ni Télọ̀ wí. Ó gbàgbé ṣòkòtò tó wá gbà sórí tábìlì, ó sì sọdá títì láìwo ọ̀tún wo òsì, tí ọlọ́kadà kan fi bú u.

Bí nǹkan ṣe rí láàárín wọn nìyẹn fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ó máa ń wá, á jókòó lórí àga tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, wọn á sọ̀rọ̀ díẹ̀, wọn á dákẹ́ púpọ̀. Tó bá ti lọ tán, Pẹ́lẹ́ńgẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara rẹ̀ léèrè. Ṣé èmi ló ń wò ni, àbí bí aṣọ ṣe dúró lára mi? Bóyá bó ṣe ń wo gbogbo ayé nìyẹn. Ó bi ìyá àgbà. Ìyá àgbà ní, "Èmi náà ò mọ̀. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lu àga mi já, bóyá àga ló fẹ́ fẹ́."

Nígbà tó di ọjọ́ kan, Télọ̀ gbé nǹkan kan wá tó fi bébà dì, ó gbé e ka orí tábìlì, ó ní, "Má bínú, mi ò béèrè lọ́wọ́ rẹ," ó sì ti sá jáde kí Pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó tú u. Gáùn ni, aláwọ̀ ojú ọ̀run. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ wọ̀ ọ́ ní iyàrá, ó sì dúró níwájú jígí láìmira. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, aṣọ tó bá wọ̀ ló máa ń yẹ̀ sọ́tùn-ún. Eléyìí dúró. Ó bá a mu wẹ́kú lọ́rùn, ní ìbàdí, ní ọrùn ọwọ́. Kò tíì sẹ́ni tó wo òun báyìí rí, ló ń rò lọ́kàn, ìfẹ́ ọkùnrin náà sì kún inú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó fi jókòó sórí ibùsùn.

Ìyá àgbà wọlé, ó yí etí gáùn náà padà, ó yẹ ojú ìránsí rẹ̀ wò. "Ọmọ yìí mọṣẹ́," ni ó wí. "Ó sì nífẹ̀ẹ́ rẹ. Ìkejì yẹn ni mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀."

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Télọ̀ ní òun fẹ́ fẹ́ ẹ, tí Pẹ́lẹ́ńgẹ́ náà sì ní òun gbà. Ó kù kí wọ́n sọ fún bàbá. Ọjọ́ Àìkú tí bàbá máa ń wá kí wọn ni Pẹ́lẹ́ńgẹ́ wọ gáùn náà, ó rò pé bí bàbá bá rí iṣẹ́ ọwọ́ ọkùnrin náà, inú rẹ̀ á dùn sí i. Ká ní ó mọ̀ ni.

Bàbá gbé ẹran tó mú wá kalẹ̀. Ó wo ọmọ rẹ̀ láti òkè délẹ̀.

"Ta ló rán èyí?"

"Télọ̀ òdìkejì ni, Bàbá. Òun ló fún mi. Òun ló sì fẹ́ wá rí yín."

"Ta ló wọ̀n ọ́?"

"Kò sẹ́ni tó wọ̀n mí, Bàbá. Ojú ló fi wọ̀n mí."

Bàbá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú. "Ojú! Aṣọ tó lẹ̀ mọ́ ọ lára bí awọ báyìí, ojú ló fi wọ̀n ọ́! Pẹ́lẹ́ńgẹ́, ṣé o rò pé wọ́n bí mi lánàá ni? Ọwọ́ ọkùnrin yẹn ti rin gbogbo ara rẹ kó tó mọ ibi tí ìbàdí rẹ wà."

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ búra. Bó ṣe ń búra ni bàbá ń gbaná jẹ. Ó ní ẹni tó bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ kó tó tọrọ ọmọ, irú ọkọ wo ló máa jẹ́? Ó ní òun ò fún un lọ́mọ, ọ̀rọ̀ ti parí.

Ìyá àgbà ti ń ká aṣọ ní igun iyàrá látìgbà yẹn. Ó wá gbé aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí, ìwọ tó o máa ń dúró lójú ọ̀nà, tó o máa wo màlúù láti òkèèrè, tó o máa sọ bí ẹran rẹ̀ ṣe máa tó. Ta ló gbà ọ́ láyè kó o fọwọ́ kan ìdí màlúù?"

"Màámi, màlúù yàtọ̀ sí ọmọ mi."

"Mo mọ̀. Màlúù kì í sunkún tí wọ́n bá parọ́ mọ́ ọn."

Bàbá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì.

"Ó dáa," ni ìyá àgbà wí. "Bí o bá ní irọ́ ni, dán an wò. Kó rán aṣọ fún èmi. Kò ní fọwọ́ kàn mí, kò ní gbé téèpù wọ ilé yìí, kò ní béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ojú rẹ̀ náà ni kó fi wọ̀n mí. Bó bá bá mi mu, kí ni wàá ṣe?"

Bàbá wo ìyá rẹ̀, bó ṣe tóbi tó, tí àga kún dẹ́múdẹ́mú. "Bó bá bá yín mu, Màámi, èmi fúnra mi ni màá fa ọmọ lé e lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí kò bá bá yín mu, kó máa wá ibòmíràn gbé ṣòkòtò rẹ̀ lọ, àwọn méjèèjì ò sì gbọ́dọ̀ ríra mọ́. Kí ẹ má bẹ̀ mí o."

"Mi ò ní bẹ̀ ọ́," ni ìyá àgbà wí.

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ fò sọdá títì lọ́jọ́ kejì. Lójú tirẹ̀ wọ́n ti yege ìdánwò náà. Ṣùgbọ́n nígbà tó sọ ọ́ tán, Télọ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ó fi sísọ́ọ̀sì sílẹ̀.

"Ìyá àgbà?"

"Ìyá àgbà ni. Kí ló dé? Ṣé o ò lè rán an ni?"

"Mo lè rán an." Ó ń wo òdìkejì, níbi tí ìyá àgbà ti nawọ́ sókè tó ń sá aṣọ ìbora sórí okùn. Ó wò ó títí, ojú rẹ̀ sì dà bíi tẹni tí wọ́n bá sọ ọ̀rọ̀ burúkú. "Kò sí ẹlòmíràn tí wọ́n lè ní kí n rán ti ẹ̀ ni?"

Ọ̀rọ̀ yìí gún Pẹ́lẹ́ńgẹ́ lọ́kàn. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, Télọ̀ ò gé aṣọ. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń wo ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láti ojú fèrèsé, ó ń rí i tó jókòó sídìí ẹ̀rọ láì wa ẹ̀rọ. Àbí ó ti yí ọkàn padà? Àbí ojú ọ̀hún ò fi bẹ́ẹ̀ mú, kó wá jẹ́ pé èèṣì ni gáùn tèmi? Ní ọ̀sán ọjọ́ kan Télọ̀ dé, ó ní Màmá ni òun fẹ́ rí. Kíá ni ìyá àgbà rán Pẹ́lẹ́ńgẹ́ lọ ra ọṣẹ, bẹ́ẹ̀ ọṣẹ kún ilé. Nígbà tó máa fi dé, Télọ̀ ń jáde lọ, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Kí lẹ ṣe fún un, Ìyá Àgbà?"

"Mo bá a wí ni. Télọ̀ tó ń bẹ̀rù aṣọ, kí ló kù tó máa ṣe láyé?" Ó sì bọ́ sẹ́yìnkùlé, ó ń fi ohùn kékeré kọrin.

Ọjọ́ Àìkú tí wọ́n dá pé. Bàbá ti jókòó kí Télọ̀ tó dé. Télọ̀ gbé bébà lé tábìlì, kò jókòó. Bàbá ló tú u. Gáùn aláwọ̀ ewé ni, ó nà án sókè lójú gbogbo wọn, ó sì bú sẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ta lo rán eléyìí fún, arákùnrin? Apá Màámi kan ṣoṣo ló máa gba gbogbo rẹ̀ tán! Pẹ́lẹ́ńgẹ́, wá wo ojú tó ń wọn èèyàn."

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ wo gáùn náà. Ó kéré. Afọ́jú pàápàá á mọ̀ pé ó kéré. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, ló sọ lọ́kàn. Kò fẹ́ mi mọ́, kò sì lè sọ ọ́ lẹ́nu. Ó yíjú sí Télọ̀, Télọ̀ kò gbójú sókè.

Ìyá àgbà dìde. Ó gba gáùn lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀.

"Màámi, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu. Yóò ya."

"Ṣé wọ́n ń fi ẹnu wọ aṣọ ni?" Pẹ́lẹ́ńgẹ́ dìde kó lọ ràn án lọ́wọ́, ó ní, "Jókòó," ó sì ti ilẹ̀kùn iyàrá mọ́ ara rẹ̀.

Wọ́n dúró. Wọ́n ń gbọ́ ìró aṣọ tó ń bọ́ sílẹ̀, òmíràn tún bọ́, òmíràn tún bọ́. Nígbà tó yá, ilẹ̀kùn ṣí.

Obìnrin arúgbó kan tín-ín-rín ló dúró síbẹ̀. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ò tètè mọ̀ ọ́n. Ojú Ìyá Àgbà ni, ẹ̀rín Ìyá Àgbà ni, ṣùgbọ́n ọrùn ẹlòmíràn ni, egungun èjìká ẹlòmíràn. Lẹ́yìn rẹ̀ lórí ibùsùn ni gbogbo ohun tó bọ́ wà: gáùn mẹ́ta, súwẹ́tà méjì, àti aṣọ ìnura tó fi ń wé ìbàdí. Ó sì ti pẹ́ tó ti ń ní òtútù ń mú òun tọ̀sán-tòru. Gáùn ewé náà bá a mu wẹ́kú. Kò fún, kò sọ̀, kò sí ibì kan tó ká kò.

Bàbá ti dìde. Ẹ̀rín ti gbẹ lẹ́nu rẹ̀.

"Ó bá mi mu, àbí kò bá mi mu?" ni ìyá àgbà bi í.

"Màámi, kí ló ṣe yín?"

"Èmi ni mo kọ́kọ́ béèrè."

"Màámi..."

"Ó bá mi mu, àbí kò bá mi mu?"

"Ó bá yín mu," ni bàbá wí.

"Ó parí nìyẹn. Fa ọmọ lé e lọ́wọ́."

Alápatà tó lè wo màlúù láti òkèèrè jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bo ojú. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ló ti ń wọlé, tó ń kí ìyá rẹ̀, tó ń jẹun níwájú rẹ̀, kò rí i.

Ọ̀dọ̀ dókítà ni wọ́n gbà lọ lọ́jọ́ kejì. Àìsàn náà wà nínú ikùn, ó ti pẹ́ níbẹ̀. Dókítà ní ohun tó kù kò ju kí wọ́n máa fún un ní oògùn tí kò ní jẹ́ kó jẹ̀rora. Wọ́n bi ìyá àgbà pé kí ló dé tí kò sọ. Ó ní, "Ẹ̀ bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ̀ bá sọ mí di òkú kí n tó kú. Mo fẹ́ sá aṣọ mi sínú oòrùn, kí ẹ máa pè mí ní róbótó."

Ọjọ́ yẹn gan-an ni Pẹ́lẹ́ńgẹ́ sọdá títì.

"Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

Télọ̀ ò díbọ́n. "Ó ti pẹ́ díẹ̀. Tó bá nawọ́ sókè láti sá aṣọ, mo máa ń rí i pé aṣọ nìkan ló kún. Apá ò sí níbẹ̀."

"Ojoojúmọ́ lò ń wá jókòó tì mí. O rí i pé ìyá mi ń tán lọ, o sì dákẹ́?"

"Màmá rí mi níbi tí mo ti ń wò wọ́n. Wọ́n ní kí n bá wọn pa á mọ́."

"Nígbà tó di ọjọ́ tó máa fún ọ níyàwó, o tú u." Ó nàka sí i. "Ikú ìyá mi lo fi fẹ́ mi."

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ gbé gáùn ojú ọ̀run sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ rẹ̀, ó sọdá padà, ó sì ti fèrèsé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì ìlọṣọ. Inú òkùnkùn ló ti ń lọ aṣọ láti ìgbà náà. Bàbá, tí ojú ń tì báyìí, ló wá di alárinà, ó ní, "Ọmọ mi, èmi ni mo ṣi ọmọkùnrin yẹn gbọ́, jọ̀ọ́." Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ò ṣí fèrèsé. Ó fẹ́ràn ọkùnrin náà síbẹ̀, ohun tó sì ń bí i nínú jù nìyẹn.

Ní ọ̀sán kan, ìyá àgbà pè é sẹ́bàá ibùsùn.

"Ta ló ti fèrèsé mi?"

"Èmi ni."

"Ṣé o mọ ohun tí Télọ̀ bá wá lọ́jọ́ tí mo rán ọ lọ ra ọṣẹ?"

"Mi ò fẹ́ mọ̀."

"Wàá mọ̀. Ó ní, 'Màmá, bí mo bá rán ohun tí mo rí, àṣírí yín tú. Mo ti pinnu, bí wọ́n ṣe rò pé ẹ rí ni màá ṣe rán an, kí ó má bá yín mu. Màá pàdánù rẹ̀. Mo kàn wá sọ fún yín ni, kí ẹ má baà rò pé mi ò fẹ́ ọmọ yín.' Ó sì ń sunkún bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú."

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ dúró, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí aṣọ ìbora.

"Kí lẹ wá sọ fún un?"

"Mo ní, 'Rán mi bí mo ṣe rí.' Ó kọ̀. Mo ní bí kò bá ṣe é, èmi fúnra mi á bọ́ra níwájú ọmọ mi, kó wá wo bó ṣe máa rí. Ó mọ̀ pé mo lè ṣe é." Ó mí. "Ọkùnrin tó gbà láti pàdánù rẹ nítorí àṣírí ìyá arúgbó kan, ta ni kí n tún wá fi ọ́ sílẹ̀ fún?"

"Ẹ̀ bá ti sọ fún mi, Ìyá Àgbà. Èmi tí mo ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Èmi ni mo tàn ọ́ jẹ, kì í ṣe òun. Èmi lò ń bínú sí, o kò kàn láyà láti bá aláìsàn jà ni. Bá mi jà báyìí tí mo ṣì wà."

"Mo bínú sí yín," ni Pẹ́lẹ́ńgẹ́ wí.

"Ó dáa. Tún un sọ."

"Mo bínú sí yín gan-an!" Ó wá ń sunkún, ó gbé orí lé àyà ìyá àgbà, ó sì rọra gbé e, nítorí àyà náà ti di egungun.

"Pẹ̀lẹ́, ọkọ mi," ni ìyá àgbà wí, ó ń fọwọ́ pa á lórí. "Mo ta àṣírí mi, mo fi ra ọkọ fún ọ. Mi ò sì ní òmíràn tí mo lè tà. Ṣé o fẹ́ dá ọjà padà fún mi ni?"

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ rẹ́rìn-ín láàárín ẹkún. Ó dìde, ó ṣí fèrèsé, ó sì sọdá títì.

Télọ̀ wà nídìí ẹ̀rọ. Gáùn ojú ọ̀run wà lára ògiri níbi tó gbé e kọ́ sí.

"Gbé téèpù rẹ," ni Pẹ́lẹ́ńgẹ́ wí. "Wá wọ̀n mí fún aṣọ ìgbéyàwó, lójú bàbá mi, lójú Ìyá Àgbà. Mi ò fẹ́ kí o fojú wọ̀n mí mọ́. Nǹkan kan sì wà tí mo fẹ́ gbà lẹ́nu rẹ."

"Sọ ọ́."

"Ohun yòówù kí ojú rẹ rí, bó dùn, bó korò, èmi ni kó o kọ́kọ́ sọ fún."

"Mo gbọ́."

"Kódà bí ó bá máa dùn mí."

"Mo gbọ́, Pẹ́lẹ́ńgẹ́."

Bó ṣe wọ̀n ọ́n nìyẹn lẹ́bàá ibùsùn ìyá àgbà, bàbá jókòó sórí àga, ó ń wo òde bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Télọ̀ máa fọwọ́ kan ìbàdí rẹ̀ nìyẹn, ojú ń tì í, kò sì jẹ́ kí téèpù fún mọ́ ọn lára. Aṣọ ìgbéyàwó dé, ó fẹ̀ débi pé ẹni méjì lè jọ wọ̀ ọ́. Ojú ti Télọ̀ kọjá sísọ. Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín títí bàbá fi dì í mú kó má baà ṣubú, ìyá àgbà wá ní fún Pẹ́lẹ́ńgẹ́ pé, "Ó ti dáa. Mo ti rí i pé kò fọwọ́ kàn ọ́ rí lóòótọ́." Wọ́n fi píìnì dín in kù lẹ́yìn, Pẹ́lẹ́ńgẹ́ sì wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀ ṣègbéyàwó ní iyàrá iwájú, láàárín tábìlì ìlọṣọ àti fèrèsé, kí ìyá àgbà lè wà níbẹ̀.

Ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni wọ́n ń gbé. Ní àràárọ̀ Télọ̀ ló ń gbé tíì wọlé fún un kó tó lọ sí ṣọ́ọ̀bù, àwọn méjèèjì á sì máa rojọ́ aládùúgbò. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ á máa gbọ́ ẹ̀rín wọn láti ìdí tábìlì.

Ní òwúrọ̀ kan, kò gbọ́ ẹ̀rín. Télọ̀ jáde láti iyàrá, ife tíì ṣì kún lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá wà níta, ó ń já ẹran sílẹ̀, ó ń pariwo kí wọn. Télọ̀ ò dá a lóhùn. Ó wá dúró síwájú Pẹ́lẹ́ńgẹ́. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ rí i pé ọkùnrin náà fẹ́ yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì rí i pé kò yí i.

"Pẹ́lẹ́ńgẹ́," ni ó wí. "Ìyá Àgbà ti lọ. Ìwọ ni mo kọ́kọ́ ń sọ fún."

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ gbé áyọ́ọ̀nù nàró kó má baà jó aṣọ oníaṣọ, bí ìyá àgbà ṣe kọ́ ọ láti kékeré. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó di ọkọ rẹ̀ mú, tó sì sunkún.